Ọrọ̀ ajé àti ìtọ́jú ayé lójú ẹ̀kọ́ Spiritism

Ọrọ̀ ajé lójú ẹ̀kọ́ Spiritism ni ọ̀nà tí àwọn tó gba ẹ̀kọ́ Allan Kardec gbọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ pé ẹ̀mí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tó sì ń padà wáyé, ń gbà wo iṣẹ́, owó, ohun ìní àti bí ènìyàn ṣe ń lo ilẹ̀, omi àti igbó. Ìbéèrè kan ló gbé e ró: níbo ni kòṣeémánìí dópin, níbo ni àníṣẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀, ta sì ni àníṣẹ́kù ẹnì kan ń pa lára? Ìlànà ìwà ni. Kò ní báńkì, kò sì ní agbowó orí. Síbẹ̀ ó fọwọ́ kan ibi tí ìṣirò èrè kì í sábà dé: kànga aládùúgbò, òógùn ọmọ iṣẹ́, òkìtì tòmátì tó ń jẹrà lẹ́yìn ọjà. Èkó, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ṣómólú àti Mile 12, ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ.

Orísun ẹ̀kọ́ náà

Allan Kardec ni orúkọ tí Hippolyte Léon Denizard Rivail fi ń kọ̀wé. Wọ́n bí i ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1804. Olùkọ́ ni, ó sì ti bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé ìṣirò owó wọn rí láti fi jẹun. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1857 ó tẹ Le Livre des Esprits (Ìwé Àwọn Ẹ̀mí) jáde ní Paris. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni ìwé náà, Kardec sì sọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀mí ni ìdáhùn ti wá. Ẹ̀dà 1860 ní ìbéèrè 1,019. Apá kẹta rẹ̀ dá lórí òfin ìwà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ajé wà, lábẹ́ òfin iṣẹ́, òfin ìdáàbòbò ẹ̀mí, òfin ìparun, òfin ìdọ́gba, àti òfin òdodo, ìfẹ́ òun àánú.

Bràsíìlì ni ẹ̀kọ́ náà ti ta gbòǹgbò jù. Ọdún 1865 ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ní Salvador ti Bahia, nígbà tí wọ́n sì dá àjọ gbogboogbò wọn sílẹ̀ ní Rio de Janeiro ní 1884. Bahia yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ Àgùdà ti padà wá sí Èkó tí wọ́n fi tẹ Pópó Àgùdà dó. Kí a má ṣì í mú o: àwọn Àgùdà ti ń dé kí Kardec tó kọ ìwé rẹ̀, ẹ̀sìn Kátólíìkì àti Ìsìláàmù ni ọ̀pọ̀ wọn mú bọ̀. Spiritism yàtọ̀ sí ìjọ Aládùúrà, ó sì yàtọ̀ sí ẹ̀sìn òrìṣà.

Ibi tó ti súnmọ́ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ àtúnwáyé. Ilé tó ní Babátúndé àti Yétúndé kò nílò àlàyé gígùn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ wa, àgbà tó lọ máa ń yà padà sí agbolé tirẹ̀. Lọ́dọ̀ Kardec, ẹ̀mí lè padà sí ilé mìíràn tàbí ilẹ̀ mìíràn, níbi tí ẹ̀kọ́ tó kù fún un wà. Ọlọ́rọ̀ lè padà wá bí aláìní. Ohun tó tẹ̀lé èyí ni pé ẹni tó ba omi jẹ́ kò lè fọkàn balẹ̀ pé àjèjì ni yóò mu ún.

Ohun tí ìwé náà sọ

Ìbéèrè 705 ni gbòǹgbò. Ó béèrè ìdí tí ilẹ̀ kì í fi í mú oúnjẹ tó tó jáde nígbà gbogbo. Ìdáhùn náà kò fi bò: ènìyàn ni kò tọ́jú ilẹ̀, tó wá ń di ẹ̀bi àìmòye ara rẹ̀ ru ilẹ̀. Ilẹ̀ ìbá máa pèsè kòṣeémánìí bí kòṣeémánìí bá lè tẹ́ ènìyàn lọ́rùn. Ìbéèrè 711 fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí ayé ń pèsè; 717 bá àwọn tó ń kó àníṣẹ́kù jọ nígbà tí ẹlòmíràn kò rí kòṣeémánìí wí; 735 ka ìparun tó bá ti kọjá ohun tí a nílò sí rírú òfin Ọlọ́run. Ìdáhùn 715 á dùn létí àgbà Yorùbá: ọlọ́gbọ́n ń fi ojú inú mọ ààlà kòṣeémánìí, ọ̀pọ̀ sì ń mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí ojú wọn bá ti rí màbo.

Ẹ̀kọ́ náà kò kórìíra ọrọ̀. 811 sọ pé ọgbọọgba pátápátá kò ṣeé ṣe, 881 sì gbà kí ènìyàn fi iṣẹ́ òdodo kó ohun tí yóò jẹ lọ́jọ́ ogbó jọ. Ìdíwọ̀n rẹ̀ wà ní 884: ohun ìní tó tọ́ ni èyí tí a rí láìpa ẹlòmíràn lára. Nínú ìwé 1864 tó kọ lórí Ìhìnrere, orí kẹrìndínlógún pe olówó ní olùtọ́jú ohun tí a fi sí i lọ́wọ́. Ohun tí ó lè gbé kúrò láyé nìkan ni tirẹ̀, ìyẹn ìmọ̀ àti ìwà.

Lábẹ́ 685 ni Kardec ti bá àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ó ní wọ́n ń wá ìdọ́gba láàárín ohun tí à ń ṣe jáde àti ohun tí à ń lò, ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ rí i, yóò máa já láàárín, òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ jẹun ní àkókò tó já yẹn. Oògùn tó fi síbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó ń mọ ìwà ọmọ. Ìbéèrè náà gan-an sọ pé alágbára ni yóò ṣiṣẹ́ fún aláìlágbára, bí arúgbó kò bá sì ní ẹbí, àwùjọ ni ẹbí rẹ̀.

Àléébù kan wà tí òǹkàwé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ fò. Kardec kọ ọ́ sílẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù ìgbà rẹ̀, pé ẹ̀mí àwọn ènìyàn dúdú kò tíì gòkè tó ti àwọn ènìyàn funfun. Ìwé rẹ̀ kan náà dẹ́bi fún fífi ènìyàn ṣe ẹrú láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, ní 829. Àṣìṣe ni èkíní, kò sì sí ìdí kankan láti gbé e lárugẹ. Òmíràn ni pé pípe òṣì ní ìdánwò lè mú kí olówó jókòó jẹ́ẹ́. 815 dáhùn ìyẹn: ọrọ̀ náà jẹ́ ìdánwò, ó sì léwu bíi ti òṣì.

Omi inú ilẹ̀

Ibi tí ìdíwọ̀n 884 ti hàn kedere jù ní Èkó ni ìdí kànga ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bohóòlù. Omi ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò, nítorí náà onílé kọ̀ọ̀kan ń gbẹ́ tirẹ̀. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí mítà 30, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, wà láàárín kànga àti sọ́kàwéè. Pulọ́ọ̀tì kan sì rèé, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Onílé lè fi kànga sí igun ẹ̀yìn, kí ó fi sọ́kàwéè sí igun iwájú tó dojú kọ ọ́, kí ó rí mítà 30 rẹ̀ láàárín ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ́kàwéè aládùúgbò ọ̀tún, ti òsì àti ti ẹ̀yìn á ṣì súnmọ́ kànga náà. Ìdọ̀tí kò mọ fẹ́ńsì.

Ní Erékùṣù omi ilẹ̀ kò jìn rárá. Nígbà òjò ó lè gòkè bo ìdí sọ́kàwéè, ìgbẹ́ á wá máa rìn nínú omi láìrí yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tí yóò sẹ́ ẹ. Omi náà lè mọ́ gaara lójú kí ó sì ní kòkòrò àrùn nínú. Ilé ìyẹ̀wò omi ló lè sọ: nínú omi mímu, kòkòrò inú ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 nínú mílílítà 100. Síse omi ń pa kòkòrò, kò ń yọ iyọ̀ tàbí náítíréètì, kẹ́míkà tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, kúrò. Bí omi ṣe ń gbẹ níná, ṣe ni àwọn yìí ń ki sí i.

Iyọ̀ ni wàhálà kejì. Létí òkun àti ọ̀sà, omi tútù, ìyẹn omi tí kò níyọ̀, léfòó lórí omi iyọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ìṣirò àwọn onímọ̀ omi fi hàn pé bí ojú omi tútù bá fi mítà 1 lọ sílẹ̀, ààlà omi iyọ̀ lè fi nǹkan bíi mítà 40 gòkè. Kànga ilé kan ṣoṣo kì í sábà fa èyí. Ọgọ́rùn-ún kànga tí ń fà lẹ́ẹ̀kan náà láti kún táǹkì, láti fọ mọ́tò, láti ta omi fún ọkọ̀ táńkà, ló ń fà á, àwọn tí kànga wọn kò jìn kì í sì í jàǹfààní nínú rẹ̀. Tí omi bá ti níyọ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà.

Ohun tó bá ẹ̀kọ́ náà mu ni kí ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún pawọ́ pọ̀ gbẹ́ kànga kan tó jìn, níbi tó jìnnà jù sí gbogbo sọ́kàwéè wọn. Kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí àyíká páìpù láti òkè wálẹ̀ kí omi àgbàrá má bàa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Kí wọ́n fi kọnkéré mọ ìdí táǹkì ìgbẹ́, kí wọ́n sì máa gbọ́n ọn kí ó tó kún. Ohun tó ń ba irú àdéhùn yìí jẹ́ ni owó dísù jẹnẹrétọ̀: ẹni tó ń lo garawa mẹ́wàá kì í fẹ́ san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń kún táǹkì. Mítà omi fún ilé kọ̀ọ̀kan ló ń yanjú rẹ̀.

Kóńgò, àjọ àti owó ọkọ̀

Kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú ń jí ìrẹsì díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á ní kóńgò kan ṣoṣo. Ẹni tó ra odidi àpò kò rí i. Tálákà ni ó ń mú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ yìí fi kà á sí ìwà búburú ju bí owó rẹ̀ ṣe kéré tó lọ. Omi ni a fi ń mọ̀ ọ́n: kí a rọ omi kún kóńgò méjì, kí a sì wọn omi ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgò kan náà.

Àjọ ni òdìkejì rẹ̀. Ọlọ́jà tó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 máa gba ₦29,000. Ti ọjọ́ kan ni alájọ ń mú. Nínú èsúsú, ènìyàn 12 tó ń dá ₦20,000 lóṣù máa ń kó ₦240,000 fún ẹnì kan. Ẹni tó kó o ṣáájú rí owó yá láìsan èlé, àníṣẹ́kù ẹlòmíràn di kòṣeémánìí rẹ̀. Ẹ fi í wé owó èlé ìdá mẹ́wàá lóṣù: ₦100,000 á ti bí ₦120,000 lọ́dún kan, gbèsè náà á sì wà níbẹ̀. Ẹni tó kó tiẹ̀ tán tó wá dáwọ́ dúró ló ń fọ́ èsúsú, nítorí náà ìparí ni wọ́n máa ń fi ẹni tuntun sí.

Ìbéèrè 684 di ẹ̀bi àṣejù iṣẹ́ ru ẹni tó ń pàṣẹ. Ó kan ọmọ ọ̀dọ̀, ó kan ọmọ iṣẹ́, ó sì kan awakọ̀ dánfó tí owó ọlọ́kọ̀ rẹ̀ kì í dín lọ́jọ́ òjò tàbí ọjọ́ gosílóò. Wákàtí oorun rẹ̀ ló fi ń dí i.

Ohun tí ọjà ń dà nù

Tòmátì tó ń bọ̀ ní Mile 12 láti apá Kano ti rin nǹkan bíi kìlómítà 1,000. Agbọ̀n ọparun máa ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù, ìsàlẹ̀ á fọ́, omi rẹ̀ á sì ba ti òkè jẹ́. Kéréètì oníke kì í tẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń wọ inú rẹ̀. Èyí tó bá bàjẹ́ ń lọ sórí ààtàn, níbi tó ti ń bí gáàsì tó ń jó. Ààtàn Olúṣòsùn ní Òjòtá gbiná ní oṣù Kẹta 2018.

Ajílẹ̀ ni ó yẹ kí ó dà. Kó òkìtì tí kò kéré sí mítà 1 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Fún garawa èèpo àti ewébẹ̀ tútù 1, fi garawa 2 tàbí 3 ewé gbígbẹ àti páálí yíya sí i. Ìyẹ̀fun pákó ṣeé lò, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, kí ìgbẹ́ adìẹ sì bá a rìn, torí òun nìkan kì í tètè jẹrà. Má ṣe lo ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí. Bí a bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú òkìtì náà tí a sì fún un, ẹ̀kán omi 1 tàbí 2 ló yẹ kí ó jáde.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àdá tí a tì bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún yẹ kí ó gbóná lọ́wọ́. Yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò sí: fi ohun gbígbẹ kún un kí o yí i. Bí ó bá tutù, ó kéré jù, ó gbẹ jù tàbí ìyẹ̀fun pákó ti pọ̀ jù. Eku ń wá síbi ẹja, ẹran àti epo, nítorí náà wọn kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Lóṣù Kẹfà, fi tapólì bò ó, má sì kó o sí òkè kànga ẹnikẹ́ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ó máa ń dúdú, á sì máa rùn bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Po díẹ̀ nínú ajílẹ̀ náà mọ́ yẹ̀pẹ̀ sínú ike kan, kí o gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀; bí ó bá hù tí ewé rẹ̀ kò pọ́n, ajílẹ̀ náà ti tó lò.