Bí Ìyá Ṣe Gba Àṣẹ Láti Máa Fojú Kan Ọmọ Rẹ̀

Láàárín àwa Yorùbá, nígbà tí ọmọ bá gbó tó láti fi ọmú sílẹ̀, a ó ní ìyá rẹ̀ ti já a lẹ́nu ọmú. Ìyá ló ni iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1804, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá kan ló ṣe é, ọmọ kò sì tíì gbó: oṣù mẹ́jọ péré ni. Ìyá rẹ̀ ti sá kúrò nílé ọkọ nítorí ìyà. Bàbá náà, ará Faransé kan tó ń jẹ́ de Manneville, dọ́gbọ́n wọ ibi tí obìnrin náà wà, ó fipá gba ọmọ lẹ́nu ọmú, ó sì gbé e lọ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí kò ní ìbòrí. Ojú ọjọ́ kò dára, ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò. Ìyá gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Adájọ́ Ellenborough ní bàbá ni òfin gbé ọmọ lé lọ́wọ́, ó sì di dandan kí ìyá fara mọ́ ọn.

Lójú àwọn amòfin ìgbà náà, ìdájọ́ yẹn tọ́. Blackstone, àgbà amòfin wọn, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 1765 pé ọ̀wọ̀ ni ọmọ jẹ ìyá, ìyá kò ní agbára kankan lórí ọmọ. Nítorí náà, bí tọkọtaya bá pínyà, kò sí ìwé tí ìyá lè kọ, kò sí adájọ́ tó lè bẹ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ọmọ òun fún wákàtí kan. Bí bàbá bá ní rárá, ó parí.

Obìnrin tó yí i padà ni Caroline Norton, ọmọ-ọmọ Sheridan tó ń kọ eré orí ìtàgé. Ọdún 1827 ló fẹ́ George Norton, ọkùnrin amòfin tó máa ń lù ú. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló bí fún un: Fletcher, Brinsley àti William. Lọ́dún 1836, ìjà wọn le. Caroline jáde lọ sọ́dọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin, kó tó padà, ọkọ ti kó àwọn ọmọ lọ. Àgbà wọn kò tíì pé ọmọ ọdún méje, àbígbẹ̀yìn kò tíì pé mẹ́ta.

Norton kò fi mọ síbẹ̀. Ó pe Lord Melbourne, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an, lẹ́jọ́ pé ó ń yan ìyàwó òun lálè, ó sì ní kó san £10,000. Àwọn júrì kò tilẹ̀ dìde lórí ìjókòó kí wọ́n tó dá Melbourne láre. Kóòtù ti wí pé ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, síbẹ̀ Norton kò dá àwọn ọmọ padà. Ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Scotland. Ibí yìí ló máa ń dùn mí jù nínú ìtàn náà. Obìnrin tí wọ́n dá láre ní gbangba kò rí ohun kan gbà nínú ìdáláre rẹ̀, nítorí pé wọn kò tilẹ̀ ka obìnrin náà mọ́ olùpẹ̀jọ́ tàbí olùjẹ́jọ́. Ọkùnrin méjì ló ń ṣẹjọ́, òun ni ọ̀rọ̀ bá.

Ohun tó ní ni gègé ìkọ̀wé. Ìwé kíkọ ló fi ń jẹun, ó sì wá kọ̀wé lórí ìpínyà ìyá àti ọmọ, ó pín in fún àwọn aṣòfin. Ó kọ òmíràn lọ́dún 1839 ní orúkọ ọkùnrin tó fún ara rẹ̀, Pearce Stevenson, torí ó mọ̀ pé wọn yóò ka ìwé ọkùnrin sí ju ti obìnrin tí ẹnu ń kùn lọ. Thomas Talfourd, amòfin tó ń ṣojú ìlú Reading, bá a gbé àbá òfin kan wọlé pé kí ìyá tó ti pínyà lè máa rí ọmọ rẹ̀. Lọ́dún 1838 ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá dà á nù. Talfourd tún un gbé wá, ó sì di òfin lọ́dún 1839.

Òfin kékeré ni. Ó fún ìyá láyè láti lọ bẹ kóòtù gíga kan ṣoṣo, Chancery, tí owó rẹ̀ kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù, pé kí wọ́n fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje sọ́dọ̀ òun, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun máa rí àwọn tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tí wọ́n bá dá lẹ́bi àgbèrè kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Kò sí irú òté bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin. Síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òfin Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ pé ìyá tó ti kúrò nílé ọkọ ṣì lè fojú kan ọmọ rẹ̀, àní bí bàbá kò bá tilẹ̀ fẹ́.

Kò ran Caroline fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, torí òfin náà kò dé Scotland. Lọ́dún 1842, William ṣubú lórí ẹṣin, ó fara pa, egbò náà sì bàjẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó dé, òkú ọmọ ló bá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Ohun tó tẹ̀ lé e lọ díẹ̀díẹ̀. Òfin 1873 gbé ọjọ́ orí náà dé mẹ́rìndínlógún, ó sì yọ òté àgbèrè kúrò. Ti 1886 ní kí adájọ́ wo ire ọmọ, ti 1925 sì ní ire ọmọ ni kí ó ṣáájú ohun gbogbo. Láàárín wọn ni ẹjọ́ Harriet Agar-Ellis wà, lọ́dún 1883. Ọmọbìnrin tó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún bẹ kóòtù pé òun fẹ́ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá òun, kí àwọn sì máa kọ̀wé síra láìsí pé bàbá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn adájọ́ kọ̀, wọ́n ní àṣẹ bàbá ni. Ó di 1989 kí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó wí ní kedere pé kí adájọ́ gbọ́ ohun tí ọmọ fẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn tó ní ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí bàbá àti ìyá rẹ̀ bí wọ́n bá pínyà. Ẹ wo bí ẹ̀tọ́ náà ṣe kúrò lọ́wọ́ bàbá dé ọ̀dọ̀ ìyá, tó wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó yẹ kó ti ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòroó sọ. Àwọn òfin Gẹ̀ẹ́sì tó kan gbogbogbòò, tó ti wà nílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ni ìjọba amúnisìn gbé lé Nàìjíríà lórí. Nínú àṣà tiwa náà, ti bàbá ni ọmọ. Obìnrin tó bá dálémoṣú lè gbé ọmọ ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ilé bàbá ni wọ́n ń retí pé ọmọ yóò padà sí. Òfin ìgbéyàwó ti 1970, tó wà fún àwọn tó ṣègbéyàwó ní kóòtù, ní ire ọmọ ni kó ṣáájú. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ lọ́dún 2007, wá sọ ọ́ ní abala 69 pé bàbá tàbí ìyá lè wá bẹ kóòtù lórí ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ àti bí ẹnì kejì yóò ṣe máa rí i.

Bàbá tàbí ìyá. Lónìí, bàbá tí ìyàwó kó ọmọ sá fún lè dúró níwájú adájọ́, kó sì béèrè ohun tí Caroline béèrè. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ohun kan ló kù tí mò ń fẹ́. Abala 69 yẹn ní kí adájọ́ wo ire ọmọ, ìwà òbí, àti ìfẹ́ bàbá pẹ̀lú ìyá. Kò dárúkọ ìfẹ́ ọmọ síbẹ̀. Abala 158 fún ọmọ láyè láti sọ tẹnu rẹ̀ níwájú kóòtù. Kí àwọn adájọ́ wa máa pè é, kí wọ́n fi í jókòó, kí wọ́n bi í léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ lo ọlidé.