Bí áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ṣe ń tọ́jú àwòrán àjọyà

Àwòrán àjọyà ni èyí téèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ń yà nínú áàpù kan, kálukú lórí fóònù tiẹ̀, tí wọ́n sì ń rí ìlà ara wọn bí wọ́n ṣe ń fà á lọ. Títọ́jú ẹ̀ ni kí áàpù kọ ọ́ síbi tí ò ti ní pòórá, yálà gbogbo wọn ti jáde ni o, tàbí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba iṣẹ́ gbogbo fóònù náà jọ, kú tó tún dìde.

Ẹ jẹ́ ká mú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan n'Íjẹ̀bú-Òde tí wọ́n fẹ́ jọ ya iṣẹ́ tó máa wà lára aṣọ Ojúde Ọba, ọdún tí wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Àwọn kan wà nílé, àwọn kan wà l'Ékòó, ẹni tó wà ní Ṣàgámù ló ń yí àwọ̀ ẹ̀ padà, bí ọ̀sẹ̀ bá wá yí po tí wọ́n fẹ́ fi han ahunṣọ, tí ojú ibẹ̀ funfun báláú, wàhálà dé nìyẹn.

Áàpù kì í fi àwòrán yìí ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Bí ìka ṣe ń rìn lójú fóònù ló ń ka ibi tó dé, nọ́ńbà kan fún ìbú, ọ̀kan fún òòró, ó wá lẹ àwọ̀, bí ìlà ṣe nípọn tó àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìlà náà mọ́ ọn. WebSocket ló sábà máa ń gbé e lọ, ìlànà tó di ti gbogbo ayé lọ́dún 2011, torí ó máa ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ láàárín fóònù àti sáfà, kò sídìí láti máa kan ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni sáfà. Tó bá jẹ́ inú mẹ́mórì, ibi tó ń fi nǹkan sí fúngbà díẹ̀, nìkan ló tọ́jú ìlà sí, ó máa yára, àmọ́ tí iná bá lọ, ó ti lọ nìyẹn. Redis, dátábéèsì (ibi àkọsílẹ̀ sáfà) kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, lè kọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ó sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ló ń rí i dájú pé ó ti dé dísìkì, ibi tí nǹkan kì í ti í pòórá tí iná bá lọ, ìyẹn ni pé iṣẹ́ bíi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣì lè sọnù. Ó dáa kí áàpù má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìlà ti wọlé àfìgbà tó bá wà lórí dísìkì lóòótọ́.

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí á tètè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Alájọ ń kọ owó ojoojúmọ́, tóṣù bá parí á ṣírò bálánsì, kò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni dátábéèsì ṣe ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá ti pọ̀, á ya snapshot gbogbo ẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà bí àwòrán ṣe rí lásìkò yẹn, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á gba snapshot yẹn pẹ̀lú ìwọ̀nba ìlà tó tẹ̀ lé e. Tẹ́nì kan bá pa ìlà rẹ́, ọ̀pọ̀ áàpù kì í yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, wọ́n kàn máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti pa á rẹ́ ni.

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ìlà á wà lórí fóònù títí á fi padà dé, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn ni ò ní jẹ́ kí sáfà kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí àwòrán gbogbo wọn lè bára mu lẹ́yìn náà ni àwọn kan ṣe ń lo CRDT, ọ̀nà ìtọ́jú dátà tó ń jẹ́ kí ẹ̀dà ọwọ́ kálukú padà di ọ̀kan náà, èyí tí Marc Shapiro àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìlànà ẹ̀ jáde lọ́dún 2011.

Tí áàpù bá wá ń ti ọ̀rọ̀ pa láti fóònù dé fóònù (end-to-end encryption), tó fi jẹ́ pé fóònù àwọn tó jọ ń yà á nìkan ló lè ṣí i, sáfà ò lè ka ìlà kankan, torí náà kò lè ya snapshot fúnra ẹ̀, ọ̀kan nínú fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló máa yà á, á tì í pa, kó tó kó o fún sáfà pé kó bá wọn tọ́jú ẹ̀.