CBEX: kí ló dé táwọn tó mọ̀wé náà fi kówó sí i?

Lóṣù kẹrin 2025 ni CBEX, ìkànnì ìdókòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì táwọn tó ni ín sọ pé AI ló ń bá àwọn ṣòwò, há owó àwọn èèyàn mọ́nú. Inú bí àwọn kan, wọ́n ya bo ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn, wọ́n kó àga ibẹ̀ lọ. Látìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń bi wá léèrè.

Ṣé kì í ṣe ojúkòkòrò lásán ni?

Ó wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan.

Kí ló tún kù?

Ẹ wò ó, àbúrò yín fowó sí i, lẹ́yìn oṣù kan ó gba ìlọ́po méjì, ó fi ra fíríìjì, ẹ̀yin náà sì mu omi tútù níbẹ̀, ta ló tún ráyè wádìí lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò? Kọ́bọ̀ ò tíì kúrò lápò yín o, àmọ́ ó ti ń ṣe yín bíi pé ẹ̀ ń pàdánù. Bẹ́ẹ̀ owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san tẹni tó ti wà níbẹ̀, sogúndogójì tí gbájúẹ̀ kan tó ń jẹ́ Charles Ponzi ṣe ní Boston, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1920 náà ni.

Lẹ́yìn tówó há tán, wọ́n tún ní káwọn èèyàn san dọ́là 100 tàbí 200 kí wọ́n tó lè gbà á, àwọn kan sì san án. Ṣé wọ́n foògùn mú wọn ni?

Kò sóògùn kankan níbẹ̀. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ lọ́dún 1979 pé ká pàdánù owó máa ń dunni ju bí irú owó yẹn ṣe máa ń múnú ẹni dùn tá a bá rí i he lọ, pé ẹni tó bá sì ti wà nínú àdánù á fẹ́ ta tẹ́tẹ́ sí i, kó má ṣáà ti gbà pé owó ti lọ. Ẹni tí fóònù ẹ̀ ń fi dọ́là 3,000 hàn án, kì í rò pé òun fẹ́ ju 200 nù, ohun tó ń rò ni pé tóun ò bá san án, 3,000 òun ti wọgbó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà lásán ló ń wò. Kahneman gbẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2002. Àwọn gbájúẹ̀ ò gba nǹkan kan, wọ́n sì ti mọṣẹ́ yẹn kí wọ́n tó bí i.

Ṣé ìwé ò lè gbani ni?

Isaac Newton, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣirò, pàdánù owó ńlá sínú South Sea Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1720. Ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò jù ú lọ?

Kí la máa ṣe báyìí?

Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ náà lórí wẹ́ẹ̀bù SEC kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti kó sínú ẹ̀, ẹ bi ara yín: ká ní mi ò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé màá fowó sí i lónìí?

Ẹnì kan lóun lè bá mi gba owó mi jáde, kí n ṣáà san owó iṣẹ́ ná.

Ẹ ní kó yọ owó iṣẹ́ ẹ̀ nínú ohun tó bá gbà. Ẹ ò ní gbúròó ẹ̀ mọ́.