Bí Oyè Ẹ́míà àti Balógun Mẹ́rin Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin

Bí ìdìbò bá ku díẹ̀ tí àjọ elétò ìdìbò gbé orúkọ àwọn wọ́ọ̀dù Ìlọrin jáde, orúkọ ológun ló pọ̀ níbẹ̀: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbi, Balógun Alánàmú. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti tẹ̀ka kì í ro ti ogun rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn mẹ́rin yìí ni wọ́n ń kó ogun Ìlọrin jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn náà sì ni afọbajẹ. Méjì jẹ́ Yorùbá, ọ̀kan Gàmbàrí, ọ̀kan Fúlàní. Báwo ni ìlú tí ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó, tí èdè Yorùbá sì ń lọ geere ní gbogbo ojúlé rẹ̀, ṣe wá ní irú ìjọba báyìí?

Ìdáhùn méjì ló sábà máa ń yá lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan á ní èpè Aláàfin Awólẹ̀ ló jà. Àwọn kan á ní àwọn Fúlàní gbé jìháàdì wá láti Ṣókótó, wọ́n sì fi idà gba ìlú. Èmi ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kò sí ogun kankan tó ti Ṣókótó wá dó ti Ìlọrin kí ìjọba tó yí padà. Àwọn tó gba ìlú ti wà nínú ìlú tipẹ́, onílé ló pè wọ́n, ogun onílé ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń bá a jà.

Onílé ọ̀hún ni Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Aláàfin. Ládẹ̀rìn, baba ńlá rẹ̀, ti jẹ olórí Ìlọrin nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́-Ilé. Ọmọ ọba ni Àfọ̀njá pe ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ìtẹ́ Aláàfin. Nígbà tí Abíọ́dún wàjà ní nǹkan bí ọdún 1789, Awólẹ̀ ni wọ́n fi jọba. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́ láàárín ọba tuntun àti Kakaǹfò rẹ̀. Awólẹ̀ pàṣẹ ogun, wọn ò sì jẹ́ kí Àfọ̀njá mọ ibi tí ogun ń lọ títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀: Ìwéré-Ilé ni. Orí àpáta ni ìlú náà wà, kò ṣeé gbà bọ̀rọ̀. Ibẹ̀ tún ni ìlú ìyá Aláàfin Àjàgbó, ọba tó dá oyè Kakaǹfò sílẹ̀, kò sì sí Kakaǹfò tó gbọ́dọ̀ kọlù ú. Bẹ́ẹ̀ ni Kakaǹfò tó bá jáde lọ sógun tí kò borí láàárín oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kú. Ọ̀nàkọnà tó bá gbà, ikú ni wọ́n dẹ sílẹ̀ dè é. Ó yé ọkùnrin náà. Ogun yí ojú padà sí Ọ̀yọ́, àwọn ìjòyè tó wà nílé sì ti mọ̀ sí i. Wọ́n kó igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Awólẹ̀, àmì pé kí ọba kú, ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 1796. Ṣáájú ikú rẹ̀ ni wọ́n ní ó ta ọfà sí oríṣiríṣi ọ̀nà, tó fọ́ àwo mọ́lẹ̀, tó ṣépè pé ibi tí ọfà rẹ̀ dé ni wọn yóò kó àwọn ọmọ wọn lẹ́rú lọ.

Èpè yẹn dùn ún sọ, mo sì mọ̀ pé a ò ní jáwọ́ nínú sísọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. Wọn ò fi Àfọ̀njá jọba. Adébọ̀ jẹ, kò pẹ́. Màkú jẹ, kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àga ṣófo. Àfọ̀njá jókòó sí Ìlọrin, kò sìn ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n àwọn olóyè Yorùbá yòókù ò wá sìn ín pẹ̀lú. Ọkùnrin tó ti dojú ìjà kọ ọba rẹ̀ kò lè gbé ọmọ ogun kalẹ̀ láti inú ìlú àwọn olóyè tó kórìíra rẹ̀. Ó nílò àwọn jagunjagun tí kò ní ìlú mìíràn láti padà sí.

Ó rí wọn. Ṣàléhù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àlímì, jẹ́ áfáà Fúlàní. Kì í ṣe olórí ogun, iṣẹ́ wàásù àti àdúrà ló ń ṣe káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n ní Ìkòyí, ó sì ti bá àwọn Mùsùlùmí Yorùbá gbé ní Kúwò. Àdúrà rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí ni Àfọ̀njá fẹ́. Ó pè é wá sí Ìlọrin. Ó tún pe Ṣọlágberú, Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tó lówó lọ́wọ́ tó sì léèyàn lẹ́yìn, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì dó sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n pe ibẹ̀ ní Òkè-Súnà. Ní ọdún 1817 ni iná ràn. Àwọn ẹrú Gàmbàrí tó wà káàkiri ìlú Ọ̀yọ́ gbọ́ pé ẹni tó bá dé Ìlọrin ti di òmìnira. Àwọn tó ń fárí fún èèyàn, àwọn tó ń ṣe okùn, àwọn tó ń da màlúù, wọ́n fi ilé olówó wọn sílẹ̀, wọ́n sì kó wá sọ́dọ̀ Àfọ̀njá. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní Jámáà.

Àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn mọ̀: òrùka irin méjì ni wọ́n máa ń wọ̀ sọ́wọ́ òsì, ọ̀kan sí àtàńpàkò, ọ̀kan sí ìka mìíràn. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á fi òrùka kan òrùka kí ó dún, ìyẹn ni ìkíni wọn. Ẹ rántí pé àwọn tó pa ìtàn yìí jẹ́ ará ilé ẹni tí wọ́n jí ẹrú rẹ̀ gbé, nítorí náà wọn ò sọ̀rọ̀ Jámáà dáadáa. Olè, afàwọ̀rajà, onírẹ́jẹ ni wọ́n pè wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ẹrú lánàá, tí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ lé lọ́wọ́ lónìí, tí wọn ò yan owó oṣù fún, níbo ni kí ó ti jẹun bí kò ṣe nínú ìkógun?

Fún bí ọdún mélòó kan, ó dára fún Àfọ̀njá. Ó ja ìlú, ó borí, kò sí ẹni tó lè kò ó lójú. Àwọn tí Jámáà ń kó ní ìkógun sì wá ń ké sí i, títí kan àwọn tó jẹ́ ti rẹ̀. Fàgbohùn, Baálẹ̀ Jàbàtà, sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé kí ó tú àwọn èèyàn yìí ká kí wọ́n tó di ohun tí apá kò ká mọ́. Àfọ̀njá bínú sí i. Ẹnìkan ṣoṣo tó ń kó Jámáà níjàánu ni Àlímì. Ìtàn sọ pé baba náà tilẹ̀ fẹ́ padà sí ilẹ̀ rẹ̀ nígbà kan nítorí ìwà wọn, àwọn àgbààgbà Yorùbá ló bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́ dúró, kí ìlú má baà bàjẹ́ tán. Ó dúró, Ìlọrin ló kú sí, kò sì pe ara rẹ̀ ní ọba lọ́jọ́ kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ń pe Àlímì ní Ẹ́míà àkọ́kọ́. Kò jẹ Ẹ́míà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Àfọ̀njá wá rántí ọ̀rọ̀ Fàgbohùn. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ìlú tó yí i ká pé kí wọ́n wá bá òun lé Jámáà. Iṣẹ́ náà jò. Ní nǹkan bí ọdún 1824, Jámáà dìde sí i nínú ìlú ara rẹ̀, kí ìrànwọ́ tó dé. Ṣọlágberú wà ní Òkè-Súnà, kò jáde, inú ń bí i sí Ààrẹ tẹ́lẹ̀. Àfọ̀njá jà títí. Wọ́n ní ọ̀kọ̀ àti ọfà tó gún un pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ kò lè ṣubú, orí igi ọ̀kọ̀ ló dúró lé. Wọ́n sun ún.

Àbúdùsàlámì ọmọ Àlímì ló gba ìlú, òun ni Ẹ́míà kìíní. Ó gba àsíá láti Gwandu, olú-ìlú apá ìwọ̀-oòrùn ìjọba Ṣókótó, ìyẹn ló so Ìlọrin mọ́ ìjọba Ṣókótó; àsíá tẹ̀ lé ìṣẹ́gun ni, kò ṣáájú rẹ̀. Ṣọlágberú tó káwọ́ gbera wo ikú Àfọ̀njá náà kò jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Àbúdùsàlámì pa á, Òkè-Súnà sì dahoro.

Ibí ni Balógun mẹ́rin ti wọlé. Ìjọba tuntun yìí kò lè fi Fúlàní nìkan dúró, wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gàmbàrí ló pọ̀ nínú Jámáà, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú ìlú. Wọ́n pín ìlú sí àdúgbò ogun, wọ́n fi Balógun lé àdúgbò kọ̀ọ̀kan lórí: Gàmbàrí, Fúlàní, Àjíkòbi, Alánàmú. Ọmọ ogun Balógun ni ọmọ ogun, ẹṣin rẹ̀ ni ẹṣin; Ẹ́míà kò ní ju èyí tí àwọn mẹ́rin bá gbà láti kó jáde. Ìlú tí wọ́n bá sì ṣẹ́gun ní Ìgbómìnà, ní Ìbọ̀lọ́, ní Èkìtì, àjẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rán lọ síbẹ̀, ìlú náà á sì ní bàbá kékeré kan nínú Ìlọrin tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ààfin, tí yóò sì máa jẹ nínú ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀. Oríkì ìlú gbé e jáde kedere: ìlú tó tóbi tó báyìí wọn ò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ìdílé Àfọ̀njá kò parun o. Wọ́n wà ní Ìdí-Àpè títí di òní, Mágàjí Ààrẹ sì ni olórí wọn.

Kí ni àwọn Yorùbá yòókù wá ṣe? Wọ́n gbìyànjú láti lé wọn. Tóyèjẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ Kakaǹfò lẹ́yìn Àfọ̀njá, kó ogun dé Ògèlè, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sì tú wọn ká. Ìgbà kejì, kí ni wọ́n tún ronú kàn? Wọ́n lọ pe àjèjì. Mónjíà, ọba Tápà, ni wọ́n bá dìmọ̀lù. Oúnjẹ ti tán nínú oko, ogun ti sọ ilẹ̀ di ahoro, èso igi igbá ni ọmọ ogun ń jẹ. Nígbà tí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ tán, wọ́n padà wá ṣa hóró tí wọ́n ti tu dànù. Mùgbámùgbá ni wọ́n pe ogun náà. Wọ́n tún sá.

Ìgbà kẹta ló burú jù. Ṣítà ló wà lórí oyè ní Ìlọrin nígbà náà, àbúrò Àbúdùsàlámì. Aláàfin Olúewu ti jìyà lọ́wọ́ rẹ̀: wọ́n pè é wá sí Ìlọrin láti wá gba ẹ̀sìn, wọ́n sì gba ìlù gbẹ̀du lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ọba méjì kò lè wà nílẹ̀ kan. Ó lọ bá ọba Bàrìbá, ẹni tí Yorùbá ń pè ní Ẹlẹ́dùwẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1836 ni wọ́n jọ dó ti Ìlọrin. Ìlọrin náà ránṣẹ́ sí àwọn tirẹ̀ ní àríwá, ìrànwọ́ dé. Nínú àgọ́ Aláàfin, àwọn olóyè Yorùbá kan ti mọ̀ pé bí Olúewu bá borí, orí àwọn ló kàn. Wọn ò jà. Olúewu kú, Ẹlẹ́dùwẹ̀ kú. Ọ̀yọ́-Ilé tú, kò sì sí ẹni tó padà gbé ibẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé a kì í sọ ìtàn ogun yìí fún àwọn ọmọ wa tó bí a ṣe ń sọ ti èpè Awólẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló pa Ọ̀yọ́-Ilé.

Ìbàdàn ló wá dá ẹṣin Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Láti ìgbà náà ni àwa ará Kwara gúúsù ti wà láàárín méjì. Ọ̀ffà mọ èyí jù. Wọ́n kọ Ìlọrin, wọ́n fi ẹ̀yìn ti Ìbàdàn, Ìbàdàn sì rán ọmọ ogun wá bá wọn gbé nínú ìlú. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn fúnra rẹ̀ wà nínú ogun Kírìjì, kò lè fi gbogbo agbára rẹ̀ gbèjà ẹnikẹ́ni. Kárárá, Balógun Gàmbàrí, kó ogun Ìlọrin dó ti Ọ̀ffà fún ọdún mélòó kan títí Ọ̀ffà fi bọ́, wọ́n sì pa àwọn olóyè ibẹ̀. Nígbà tí Carter, gómìnà Èkó, wá tú àgọ́ ká ní ọdún 1893, Ìbàdàn padà sílé, Ọ̀ffà sì wà ní apá ti Ìlọrin. Ààlà yẹn ló ṣì wà lónìí láàárín Kwara àti Ọ̀ṣun.

Ní àsìkò yìí, Balógun ti lágbára ju ẹni tí wọ́n fi jọba lọ. Mọ́má, Ẹ́míà karùn-ún, fẹ́ àlàáfíà pẹ̀lú Èkó; àwọn Balógun ò fẹ́. Ní ọdún 1895 wọ́n dìde sí i, ilé jó mọ́ ọn lórí. Wọ́n fi Sùlé jẹ, ẹni tí wọ́n mọ̀ pé kò ní dí àwọn lọ́wọ́. Ọdún kejì kò tíì pé dáadáa tí Goldie, olórí ilé-iṣẹ́ òwò Òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Royal Niger Company, fi kó ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ náà wá láti Bídà, ní oṣù kejì ọdún 1897. Balógun kó ẹṣin jáde bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìbọn Maxim ni wọ́n pàdé. Ìbọn ńlá sọ iná sí ìlú, Ẹ́míà tọwọ́ bọ̀wé. Òyìnbó kò yọ ọ́ lóyè. Ẹni tí kò ní ọmọ ogun tirẹ̀ rí ni wọ́n fún ní agbára tí Àbúdùsàlámì gan-an kò ní: owó orí, ilé ẹjọ́, ọlọ́pàá, àti àṣẹ lórí Balógun mẹ́rin. Wọ́n fi ìlú sí abẹ́ Àríwá. Ẹ́míà kọkànlá ló wà lórí oyè nísinsìnyí, láti ọdún 1995.