Adágún Kan ní Aṣálẹ̀ Negev: Bí Oògùn Tanwíji Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1976, onímọ̀ méjì kan, Yoel Margalith àti Leonard Goldberg, ń wá ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí kiri ní aṣálẹ̀ Negev, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ gan-an ni ọ̀tá tí ẹ̀fọn ní nínú omi. Wọ́n dé ìdí adágún kékeré kan nínú ipadò tó ti gbẹ. Ó yẹ kí tanwíji máa tàkìtì níbẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nínú dúrọ́ọ̀mù omi tí a kò bò. Òkú ni wọ́n bá. Òkú tanwíji léfòó, ó funfun bo ojú omi, èyí tí kò tíì kú sì ń kú lọ.

Ẹlòmíràn ì bá ní oòrùn ló pa wọ́n, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì bu nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Nínú ẹrẹ̀ yìí ni Goldberg ti ya bakitéríà kan sọ́tọ̀, tí wọ́n pè ní ONR-60A. Bí wọ́n ṣe fi í sómi tí tanwíji wà, ńṣe ni àwọn tanwíji náà kú.

Ní 1978, Huguette de Barjac ní ilé ìwádìí Institut Pasteur, Paris, wádìí ìdílé rẹ̀: Bacillus thuringiensis ni, àmọ́ ẹ̀yà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ó fi israelensis kún orúkọ rẹ̀. Bti ni gbogbo ayé ń gé e kúrú sí báyìí.

Ìdílé yẹn kì í ṣe àjèjì. Shigetane Ishiwata ti rí i lára kòkòrò tó ń tu sẹ́dà ní Japan ní 1901. Ní 1911, Ernst Berliner rí i lára kòkòrò inú ìyẹ̀fun ní Thuringia, ní Jámánì. Ṣùgbọ́n àwọn ìdin tó ń di labalábá àti àfòpiná ni wọ́n mọ̀ pé ó ń pa. Ta ló máa rò ó kan ẹ̀fọn?

Bí oúnjẹ bá tán fún bakitéríà yìí, ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle, á sì ṣe hóró purotéènì mọ́ ọn. Tanwíji kì í ṣa oúnjẹ, ohun tó bá wà nínú omi ló ń gbé mì, ó sì gbé hóró náà mì. Inú tiwa kún fún ásíìdì. Ti tanwíji kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí hóró yìí fi ń yọ́ níbẹ̀, tó sì ń dá ihò sí ìfun rẹ̀ lára. Kì í pa ẹja, kì í pa ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n tanwíji tó bá ti ká kò, tó ń retí àtihu ìyẹ́, kì í jẹun mọ́, oògùn náà kò sì ràn án.

Kí Bti tó dé, kẹrosíìnì ni wọ́n ń dà sójú omi. Nílẹ̀ wa, wolé-wolé á yọjú sínú ìkòkò omi rẹ, bó bá sì bá tanwíji níbẹ̀, o dáràn. Ní 1905, Alvin Seale kó ẹja gambusia láti Texas lọ sí Hawaii. Ẹja náà ń jẹ tanwíji lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹja ẹlẹ́ja pẹ̀lú, ibi púpọ̀ tí wọ́n sì gbé e dé lẹ́yìn náà ló ti di wàhálà. Èmi ò ní fi í sódò kankan.

Bti kò pẹ́ dé ẹ̀bá wa. Láti 1974 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan, Benin àti Tógò wà lára wọn, ti ń gbógun ti àìsàn tó ń fọ́ ojú àwọn ará etí odò. Eṣinṣin kékeré dúdú kan ló ń tàn án, odò tó ń ṣàn sì ni ìdin rẹ̀ ń gbé. Nígbà náà, hẹlikọ́pútà ló ń da oògùn temephos sódò. Ní bíi 1980, ní Côte d'Ivoire, oògùn ò ran àwọn eṣinṣin kan mọ́. Bti ni wọ́n yíjú sí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń lò ó, torí tí odò bá kún, èyí tí wọn ó dà sí i kò ní kéré, hẹlikọ́pútà kò sì lè rù ú tán.