Ohùn bílẹ́ńdà ló ń sọ ibi tó ti bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ bílẹ́ńdà tí wọ́n ti jù sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni kò tíì kú. Ó sì ń dunni, torí pé bí èèyàn bá tẹ́tí sí i, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré kíkan-kíkan tí abẹ kò yí, ẹ má ṣe bá ẹ́ńjìnnì wí. Rọ́bà eléyín tó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ ìdí jọ́ọ̀gì ló ti jẹ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó rọ̀ ju irin lọ, kó lè jẹ́ òun ni yóò fara gbá a nígbà tí nǹkan líle bá há abẹ. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Lára ọ̀pọ̀ bílẹ́ńdà, ọwọ́ ọ̀tún, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, ni wọ́n ń yí rọ́bà tó wà lórí ẹ́ńjìnnì sí kó tó tú. Ẹni tó bá yí i sí òsì bíi nọ́ọ̀tì yòókù, ṣe ló ń fún un pọ̀ sí i.

Bó bá kàn ń kùn láìyí, ẹ tètè paná, kẹ́ ẹ sì yọ wáyà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí ààyè yí máa ń fa iná lọ́pọ̀lọpọ̀, wáyà inú rẹ̀ á gbóná, òun ló fà á tí a fi ń gbóòórùn ohun tó ń jó. Ẹ̀wà tí kò rẹ̀ dáadáa tàbí ata gbígbẹ tí kò lómi ló sábà máa ń fà á. Àwọn bílẹ́ńdà kan ní ohun tó ń gé iná bí ooru bá pọ̀ jù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀.

Bí kò bá fọhùn rárá, ẹ wò ó bóyá jọ́ọ̀gì jókòó dáadáa, torí súwíìsì kékeré kan wà tí jọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn, ata gbígbẹ sì lè dí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fíúùsì inú orí wáyà, lẹ́yìn náà kábọ́ọ̀nù méjì tó ń gbé iná fún ẹ́ńjìnnì, tó máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbé ti Amẹ́ríkà wá yàtọ̀: iná fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún, tiwa sì jẹ́ 230. Láìsí stepdown, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó láti jó o.

Omi tó ń jò nídìí jọ́ọ̀gì ni kò yẹ kẹ́nikẹ́ni fojú fò. Òrùka rọ́bà abẹ́ abẹ ló ti le tàbí tó ti ya. Omi náà á wọ inú ẹ́ńjìnnì, á sọ bọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìyẹn òrùka irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí nínú rẹ̀, di ìpẹtà, nígbà náà ni owó àtúnṣe á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun.