Èbù, ilẹ̀ àti aago: bí wọ́n ṣe ń yan agbábọ́ọ̀lù yunifásítì fún NFL

Lóṣù Kẹrin ọdọọdún, ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù tí wọ́n sì ń gbé sá, máa ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti yunifásítì bọ̀ láàárín ara wọn. Draft ni wọ́n ń pè é. Ìpele 7 ló ní, àwọn tí wọ́n ń mú sì máa ń tó 250 tàbí kó lé díẹ̀. Pípe orúkọ lórí tẹlifíṣàn kọ́ ni iṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ni kí èèyàn wo ọmọ ọdún 21 láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, kó sì sọ bó ṣe máa rí tó bá bọ́ sáàárín àwọn àgbà tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù jẹun.

Èrò kan wà tó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: pé ẹni tó bá sáré jù ló dára jù. Ìlú Indianapolis ni wọ́n ti ń yẹ àwọn ọmọ yìí wò láti ọdún 1987. Wọ́n á wọ̀n wọ́n, wọ́n á ní kí wọ́n fò sókè, kí wọ́n gbé irin kílò 102 léraléra, kí wọ́n sì sá eré yáàdì 40. Eré yẹn ni gbogbo ayé ń dúró wò. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sá a kò dé akoto, kò wọ ohun ààbò èjìká, ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbé e ṣubú. Lọ́dún 2017, John Ross, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba bọ́ọ̀lù mú, fi ìṣẹ́jú àáyá 4.22 sá a, ẹnikẹ́ni kò yára tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí nígbà náà. Cincinnati Bengals mú un ní ipò 9. Ní odindi sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, kò gba bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo mú. Lọ́dún yẹn kan náà, Cooper Kupp sá tirẹ̀ ní 4.62. Orúkọ 68 ni wọ́n pè kí Los Angeles Rams tó pe tirẹ̀. Ní sáà 2021, bọ́ọ̀lù 145 ló gbà mú, kò sí ẹlòmíì tó gba tó bẹ́ẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù nínú Super Bowl tó parí sáà náà.

Aago kò lè rí bí Kupp ṣe ń dá eré dúró lójijì, kó ṣẹ́rí padà, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì ti bá eré tirẹ̀ lọ. Ohun tí aago lè ṣe ni kó yọ ẹni tí kò yára tó rárá kúrò. Fún àwọn fìrìgbọ̀n tó ń dojú ìjà kọra wọn ní iwájú, yáàdì 10 àkọ́kọ́ ni kí a wò, torí wọn kì í sábà sá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí pàtàkì tó yẹ kí ẹgbẹ́ fi lọ sí Indianapolis ni àwọn dókítà wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ orúnkún wò, tí wọ́n ń ya fọ́tò èjìká àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ Dayo Odeyingbo, ọmọ yunifásítì Vanderbilt, já lóṣù Kìíní ọdún 2021 níbi tó ti ń múra fún draft. Indianapolis Colts ṣì mú un ní ìpele kejì, wọ́n mọ̀ pé àwọn máa dúró dè é. Ní sáà 2023, ó gbé quarterback, ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ alátakò, ṣubú nígbà 8. Irú ìpinnu báyìí, ọ̀rọ̀ dókítà ló ń gbé e dúró.

Ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí jù ni wíwo fídíò quarterback. Fídíò tí wọ́n ń lò kì í ṣe ti tẹlifíṣàn. Òkè ni kámẹ́rà wà, ó sì ń fi gbogbo èèyàn 22 tó wà lórí pápá hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun àkọ́kọ́ tí scout, ẹni tí ẹgbẹ́ ń rán láti yẹ àwọn ọmọ wò, máa ṣe tó bá mọṣẹ́ ni kó kó dànù: kó da bọ́ọ̀lù kúkúrú tí ẹnikẹ́ni lè jù nù, kó da èyí tó jù sí ẹni tí kò sí alátakò nítòsí rẹ̀ nù, kó da ìdíje tí wọ́n ti ń fi àmì ayò 40 ṣíwájú nù. Lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù. Ìgbìyànjú kẹta nínú mẹ́rin tí ẹgbẹ́ ní láti sún bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10, nígbà tó ku yáàdì 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni kó dúró lé, torí nígbà náà, gbogbo ẹni tó wà ní pápá ló mọ̀ pé ó máa ju bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó máa wò, kó tó wo apá. Tí àwọn ọ̀tá bá ya wọlé, ṣé ojú rẹ̀ ṣì wà lọ́nà jíjìn ni, àbí àwọn tó ń bọ̀ ló ń wò? Ṣé bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹni tó máa gbà á tó yíjú, àbí ó dúró títí ó fi rí i pé àyè ti ṣí? Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, àyè tó bá ti ṣí tí gbogbo ojú ti rí i ti ń pa dé.

Pápá fúnra rẹ̀ máa ń tan ojú. Ìlà kéékèèké méjì tó wà láàárín pápá ló ń sọ ibi tí wọ́n ti máa gbé bọ́ọ̀lù. Ní yunifásítì, ẹsẹ̀ bàtà 40 ló wà láàárín wọn. Ní NFL, 18 ààbọ̀ ni. Nítorí náà, tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní yunifásítì, ẹ̀gbẹ́ kejì á gbòòrò bí ọjà, àwọn agbàbọ́ọ̀lù á sì rí àyè sá sí. Àyè yẹn kò bá ọmọ náà dé NFL. Nǹkan mìíràn ni pé ní NFL, ẹ̀rọ tí kóòṣì fi ń bá quarterback sọ̀rọ̀ nínú akoto máa ń kú nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15 kí àkókò tí wọ́n ní láti gbé bọ́ọ̀lù tó pé. Ohunkóhun tí àwọn alátakò bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn, òun nìkan ló máa dá a mọ̀. Ọmọ tó ti ń wo ẹnu kóòṣì láti ọdún mẹ́ta, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀.

Síbẹ̀, tí a bá wo gbogbo èyí láìṣìnà, ìdajì iṣẹ́ la ṣe. Ẹni tó ń ra èbù mọ̀ pé awọ lòun ń wò. Ó lè tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ti ń rà, ó lè wo ojú tó fẹ́ hù, ó lè bi olóko pé ilẹ̀ wo ló ti wá. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, torí èbù tó ti inú ẹgàn wá lè tóbi nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá, bíi quarterback ilé ìwé ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Àmọ́ èbù tó dára náà ń fẹ́ ebè, ó ń fẹ́ igi tó máa fà mọ́. Gbìn ín sílẹ̀ tó ti ṣá, kó o má fún un nígi, ìtàkùn rẹ̀ á sùn sílẹ̀, nígbà ìkórè wọ́n á sì ní èbù ni kò dára.

Ẹgbẹ́ tó burú jù ló ń kọ́kọ́ yan. Bert Bell, ẹni tó ni ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles, ló dá a lábàá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1936. Òfin tó gbọ́n ni, torí kò jẹ́ kí olówó kan kó gbogbo ọmọ tó dára jọ. Ní ti quarterback nìkan ló ti ń dunni: èbù tó dára jù ló ń lọ sí ilẹ̀ tó ṣá jù. Lọ́dún 2002, Houston Texans, ẹgbẹ́ tuntun tí kò tíì ní nǹkan kan, fi ipò kìíní mú David Carr. Nígbà 76 ni wọ́n gbé e ṣubú ní sáà kan náà, kò tíì sí ẹni tí ìyà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Patrick Mahomes ní tirẹ̀, ipò 10 ni wọ́n ti mú un lọ́dún 2017, lọ sí Kansas City tó ti ń borí tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn Alex Smith, quarterback tó ti wà níbẹ̀, ìdíje kan ṣoṣo ló sì bẹ̀rẹ̀ ní sáà náà. Sam Darnold, quarterback mìíràn, kò ṣe dáadáa lọ́dọ̀ New York Jets. Ní sáà 2024 ó gbá bọ́ọ̀lù fún Minnesota Vikings, wọ́n sì borí nígbà 14. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń bú scout pé ojú rẹ̀ fọ́, ó yẹ kí wọ́n bi olóko tó gbìn ín náà léèrè.

Richard Thaler, tó gba ẹ̀bùn Nobel ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún 2017, àti Cade Massey ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mú àwọn méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí pápá, tí wọ́n yàn tẹ̀lé ara wọn. Ìgbà 52 péré nínú 100 ni ẹni àkọ́kọ́ dára ju ìkejì lọ. Dída owó ẹyọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síyẹn. Àmọ́ nínú àtẹ ìdíyelé ipò tí Dallas Cowboys ṣe nígbà tí Jimmy Johnson jẹ́ kóòṣì wọn, tó ti tàn ká gbogbo NFL, ipò kìíní jẹ́ àmì 3000, ipò 32 sì jẹ́ 590. Iye yìí jẹ́ ti ẹni tó gbà pé òun rí inú èbù. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n á ta ipò òkè, á fi gba mẹ́ta mẹ́rin nísàlẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò sí ẹgbẹ́ tó yàn wọ́n rárá. Brendon Ayanbadejo, ọmọ yunifásítì UCLA tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú draft 1999. Kánádà ló ti lọ gbá bọ́ọ̀lù kó tó rọ́wọ́ mú ní NFL. Iṣẹ́ tó mọ̀ jù ni kó sáré lé ẹni tó gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹsẹ̀ gbá, kó gbé e ṣubú. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n yàn án sínú Pro Bowl, ìdíje àwọn tó ta yọ jù ní sáà, lórí iṣẹ́ yìí, ó sì gba Super Bowl pẹ̀lú Baltimore Ravens lóṣù Kejì ọdún 2013. Kò sí ìdánwò kankan ní Indianapolis tó ń wọn iṣẹ́ yẹn.